Yàrá tutù nini, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wúwo: irú ẹ̀rọ asẹ́fẹ́fẹ́ wo ni ká rà?

Ìyẹ̀wù_Kejì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Yàrá ìsùn kan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ó gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.5. Àgbàlagbà méjì ló ń sùn níbẹ̀. Fèrèsé kan ló ní, AC tí apá kan rẹ̀ wà nínú ilé tí èkejì wà níta ló ń mú un tutù, a sì máa ń ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa lálẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orí á wúwo, ọ̀fun á gbẹ. Òórùn ọ̀rinrin kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún fúnra rẹ̀ ṣì tuntun, òórùn gúlúù ara rẹ̀ ń ta ni nímú. Eruku kì í pẹ́ bo orí tábìlì. Balùwẹ̀ tó so mọ́ yàrá yìí ní ẹ̀rọ agbómigbóná tó ń lo gáàsì.

Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ asẹ́fẹ́fẹ́, èyí tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kan ní kí n ra èyí tó ń tú ozone jáde, gáàsì kan tí wọ́n ní ó ń pa òórùn, àwọn kan ní òdòdó inú ìkòkò ti tó. Èwo ni kí n ṣe, báwo ló sì ṣe yẹ kí ẹ̀rọ náà lágbára tó?


Oní-gáàsì fèsì:

Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Orí tó ń wúwo láàárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ gáàsì nínú balùwẹ̀ tó so mọ́ yàrá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Eruku lè dúró dè yín, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì (CO), gáàsì olóró tó ń jáde bí iná kò bá jóná dáadáa, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

CO yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ni nímú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ fi lè pa èèyàn lójú oorun. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀. Bí gbogbo ará ilé bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá ti jáde nílé, ẹ fura gidi.

Ẹ wo ẹ̀rọ náà dáadáa. Ṣé ó ní páìpù tó ń gbé èéfín jáde síta? Bí kò bá ní, kò yẹ kó wà nínú balùwẹ̀ rárá, ẹ pa á kí ẹ sì yọ ọ́. Bí ó bá ní, ẹ tọ páìpù náà láti orí ẹ̀rọ títí dé ìta: kò gbọ́dọ̀ dá lu, oríkèé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tú, ẹyẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ́ ìtẹ́ sẹ́nu rẹ̀. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń yọ èéfín dúdú, kò jóná dáadáa ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé páìpù tó dára gan-an lè máa dá èéfín padà sínú ilé. Bí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta bá wà nínú balùwẹ̀ kan náà, tí fèrèsé sì wà ní títì, fáànù yẹn kò ríbi fa afẹ́fẹ́ wọlé àfi láti ẹnu páìpù èéfín. Èéfín tó yẹ kó gòkè á wá máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lè dán an wò bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ irú tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ páìpù: ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ tan fáànù, ẹ ṣí omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá gbé igi tùràrí tó ń rú èéfín sún mọ́ ẹnu ibẹ̀. Bí èéfín bá ń wọlé sínú páìpù, ó ń fà. Bí ó bá ń tú padà sójú yín, ẹ pa gáàsì lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Àmọ́ kó fà lónìí kò ní kó má dá padà lọ́jọ́ mìíràn tí atẹ́gùn bá yí, nítorí náà aago ìkìlọ̀ CO pọn dandan.

Ẹ gbé e sínú yàrá tí ẹ ń sùn, kì í ṣe inú balùwẹ̀ tí ooru omi á ti bà á jẹ́. Aago èéfín kì í gbọ́ CO, ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, torí ohun tó ń gbọ́ gáàsì nínú rẹ̀ máa ń kú láàárín ọdún 5 sí 10 bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dára. Bí ó bá ké, gbogbo èèyàn jáde ná, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń lo jẹnẹrétọ̀, ó kéré tán mítà 6 sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.


Ìyẹ̀wù_Kejì:

Ẹ ṣeun gan-an. Páìpù rẹ̀ jáde síta lóòótọ́, àmọ́ fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta wà nínú balùwẹ̀ kan náà. Mo ti pa gáàsì rẹ̀ títí wọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ká wá ní kò sí CO níbẹ̀, ṣé ó dára ká máa ṣí fèrèsé nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́? Ṣebí AC náà ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìta?


Amúlétutù fèsì:

Rárá o, kì í fa nǹkan kan wọlé. Páìpù tó so AC inú ilé mọ́ tòde, gáàsì atutù ló ń gbà á kọjá, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yín náà ni AC ń fà, tó ń mú tutù, tó tún ń fẹ́ padà sójú yín. Bọ́tìnì "fresh air" tó wà lára àwọn kan kò yí èyí padà, àfi irú tí wọ́n dìídì lu ihò mìíràn fún lára ògiri.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yàrá yín jẹ́ 4 × 3 × 2.5, ìyẹn m³ 30, tàbí lítà 30,000. Àgbàlagbà tó sùn ń mí CO2 (gáàsì tí èèyàn ń mí jáde, ó yàtọ̀ sí CO) tó tó lítà 12 sí 14 jáde ní wákàtí kan. Ẹ̀yin méjèèjì, ká pè é ní 26. Bí kò bá sí ihò kankan, CO2 yàrá á máa fi nǹkan bíi 850 ppm (ìyẹn 850 nínú mílíọ̀nù kan) lé sí i ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tòde wà ní nǹkan bíi 420. Kí wákàtí méjì tó pé, ẹ ti kọjá 2,000. Kò sí yàrá tó dí tó bẹ́ẹ̀ pátápátá, àmọ́ yàrá tí wọ́n fi rọ́bà dí etí fèrèsé rẹ̀ sún mọ́ ọn. CO2 ní ìwọ̀n yẹn kì í pààyàn, orí wíwúwo àti oorun tí kò dùn ló ń fà. Ohun tó tún ń sọ fún wa ni pé gbogbo ohun mìíràn tó ń jáde lára èèyàn àti lára ẹrù kò ríbi gbà jáde.

Kí ó má bàa kọjá 1,000, afẹ́fẹ́ tuntun tó tó m³ 45 gbọ́dọ̀ máa wọlé ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé kí gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá yípadà ní bíi ìgbà kan àbọ̀ láàárín wákàtí kan. Fèrèsé tí a ṣí ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sábà máa ń tó, bí afẹ́fẹ́ bá ríbi jáde. Ibi tó ń daríkodò ni pé wọ́n á ṣí fèrèsé kan, wọ́n á wá fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ kò lè wọlé bí kò bá ríbi jáde. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì ṣí fèrèsé mìíràn ní òdìkejì ilé. Fáànù balùwẹ̀ lè bá yín fà á lọ́nà tó dára ju ìyẹn lọ, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ẹ̀rọ gáàsì yẹn tàbí tí ẹ fi irú tó ń mú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ láti ìta rọ́pò rẹ̀. Ẹ ka ohun tí Oní-gáàsì kọ lókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

AC á ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, òótọ́ ni. Kò pọ̀ tó ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín.

Nípa AC fúnra rẹ̀: ẹ fa fílítà iwájú rẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti ràn án kó má baà ká kò. Ẹ má dá a padà ní tútù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ibi tí fílítà wà àti sínú ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó ń yọ̀ lára irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tàbí lára fáànù rogodo inú rẹ̀, fífọ fílítà kò kan ìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u fọ̀. Òórùn kíkan nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, páìpù tó ń ṣẹ́ omi dànù ló sábà máa ń dí. Kí ẹ tó pa AC, ẹ yí i sí fáànù nìkan fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí inú rẹ̀ lè gbẹ. AC tó lágbára ju yàrá lọ náà níṣòro tirẹ̀: á mú yàrá tutù kíákíá, á sì kú kó tó fa ọ̀rinrin. Yàrá á tutù, á sì máa rin.


Mọ́gàjí_Ògiri fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀: omi ló ń jẹ́ kí ògiri bu, ibi tí omi ti ń wá ni kí ẹ wá kiri kí ẹ tó fọ ohunkóhun.

Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, ẹ nu ògiri gbẹ, ẹ gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí bébà fàdákà tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú àti lóròó, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri láìfi àyè sílẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ní ìhà ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá: páìpù tó ń jò, òrùlé, tàbí omi ilẹ̀ tó ń gòkè. Bí omi bá sẹ̀ sójú rẹ̀, ní ìhà yàrá, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló ń kan ògiri tútù. Èyí tó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì mọ́ ògiri pátápátá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí AC máa fẹ́ tààrà sí ògiri yẹn, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin. Ó yẹ kó wà láàárín 30% sí 50%. Bí ó bá ń kọjá 60% lójoojúmọ́, ògiri á tún bu.

Bí ibi tó bu kò bá tó mítà kan níbùú lóròó, ẹ lè fọ̀ ọ́ fúnra yín. Ìbọ̀wọ́, ìgò ojú, ìbòmú N95. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ rin ín kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, torí bí ẹ bá ha á ní gbígbẹ, ohun tó wà lára rẹ̀ á fò kárí yàrá. Ẹ ha á, ẹ nù ún, ẹ tan fáànù sí i títí á fi gbẹ kanlẹ̀. Bílíìṣì kò pọn dandan. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó ṣá, ẹ má ṣe da á pọ̀ mọ́ ohun ìfọ̀ tó ní amóníà tàbí ásíìdì nínú láéláé, gáàsì tó ń ṣá ẹ̀dọ̀fóró ló ń tú jáde. Mátírẹ́ẹ̀sì, páálí àjà àti ohun mìíràn tó ń fa omi, tó bá ti bu, kò ṣeé fọ̀, ẹ gbé e sọnù. Ẹ má kun ọ̀dà bo ibẹ̀ o. Á ṣí padà kó tó pẹ́.

Òórùn gúlúù kọ́bọ́ọ̀dù wá ńkọ́? Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀ ló ń tú formaldehyde jáde, gáàsì kan tó ń ta ni lójú àti nímú. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń mú kó pọ̀ sí i. Ẹ wo ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀: ibi tí wọ́n ti fi ayùn gé e tí wọn kò lẹ nǹkan bò, tí ẹ lè fọwọ́ kan ìyẹ̀fun igi níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà jáde jù. Ẹ fi fáníìṣì kun gbogbo irú ibi bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, níta bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú fèrèsé. Á máa dín kù láàárín oṣù mélòó kan.


Adùnní_Òdòdó fèsì:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú òdòdó. Àjọ NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí rẹ̀ pé ó ń fa kẹ́míkà inú afẹ́fẹ́.


Asẹ́ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Adùnní, ìwádìí NASA ti ọdún 1989 wáyé lóòótọ́, àmọ́ inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n tún un ṣírò fún ilé tí èèyàn ń gbé: òdòdó 10 sí 1,000 fún mítà kan níbùú lóròó ilẹ̀ ni ẹ máa nílò kó tó ṣe ohun tí atẹ́gùn ojú fèrèsé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Yàrá yìí jẹ́ 12 irú rẹ̀, ó kéré tán ìkòkò 120. Níbo lẹ fẹ́ sùn? Ilẹ̀ tútù inú ìkòkò á sì tún fi ọ̀rinrin kún èyí tí Mọ́gàjí ń bá jà. Ẹ gbé e síbẹ̀ fún ẹwà, ìyẹn dára.

Ozone ní tirẹ̀, ẹ sá fún un. Ìwọ̀n tí kì í pa ẹ̀dọ̀fóró lára kì í lè pa òórùn, ìwọ̀n tó lè pa òórùn ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ó tún máa ń bá lọ́fínńdà àti ọṣẹ olóòórùn dídùn jà, á sì sọ wọ́n di formaldehyde, ohun tí ẹ ń sá fún gan-an.

Ìyẹ̀wù_Kejì, ẹ̀rọ asẹ́fẹ́fẹ́ wá kàn báyìí, eruku àti èéfín nìkan sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í mú CO, kì í mú CO2, kì í gbẹ ọ̀rinrin. Èédú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kún inú rẹ̀ máa ń kún láìpẹ́, kò sì lè bá kọ́bọ́ọ̀dù tuntun jà. Ẹ wá èyí tí fílítà rẹ̀ jẹ́ HEPA gidi, tó ń mú 99.97% eruku tó jẹ́ 0.3 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Eruku tó tóbi ju ìyẹn lọ àti èyí tó kéré jù ú lọ, wọ́n tilẹ̀ rọrùn láti mú. Bí wọ́n bá kọ "HEPA-type" tàbí "HEPA-like" sára rẹ̀, kì í ṣe HEPA.

Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì ni CADR, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ń tú jáde ní wákàtí kan. Ẹ fi ìwọ̀n yàrá ṣe ìlọ́po 5: 30 × 5 = m³ 150. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní cfm (ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan), ẹ fi 1.7 ṣe ìlọ́po rẹ̀ kó di m³ ní wákàtí kan, nítorí náà m³ 150 jẹ́ nǹkan bíi cfm 88. Àmọ́ ìwọ̀n inú páálí, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń hó gidi ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó lè sùn sí i. Bí ẹ bá dín in kù sí èyí tí etí lè gbà, ó lè má tó ìdajì. Ẹ ra èyí tó tó m³ 300, kí ẹ máa lò ó níwọ̀n àárín.

Ẹ gbé e jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, kì í ṣe ẹ̀yìn kọ́tìnì. Kí ẹ tó tàn án rárá, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ rọ́bà tí wọ́n fi wé fílítà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àìmọye èèyàn ló ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. A kì í fi omi fọ HEPA. Àwọ̀n iwájú rẹ̀ ni ẹ máa fa eruku ara rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ pààrọ̀ fílítà láàárín oṣù 6 sí 12. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Amúlétutù ti wí kò ní dí i lọ́wọ́. Èyí tí ẹ ṣí gbayawu, ẹ̀rọ á kàn máa sẹ́ afẹ́fẹ́ ìta ni. Ọjọ́ tí èéfín bá kún ìta, ẹ tì í.

Bí owó ẹ̀rọ bá wúwo, ẹ lè ṣe àpótí tí Richard Corsi àti Jim Rosenthal gbé jáde ní 2020. Fílítà MERV 13 (irú tó ń mú eruku kíkúnná) mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 20 × 20 tó nípọn ní ínṣì 2, ni ẹ máa fi ṣe ògiri mẹ́rin. Páálí ni ilẹ̀ rẹ̀, fáànù onígun mẹ́rin ti ínṣì 20 ni òrùlé rẹ̀, kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sókè. Ọfà ara fílítà gbọ́dọ̀ kọjú sínú àpótí, èyí ni wọ́n sábà máa ń dojú rẹ̀ kọ ìta. Ẹ fi téèpù dí gbogbo oríkèé. Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí kan tó ní ihò róbótó ínṣì 15 láàárín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fáànù kó bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí láti igun yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń sọ padà wọ inú àpótí. Ẹ má lo fáànù ògbólógbòó tí mọ́tò rẹ̀ ń gbóná.

Ohun tó ń dá eruku sílẹ̀ náà kù. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ, ẹ máa fi omi tó gbóná tó 60°C fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ń sun oògùn ẹ̀fọn rìbìtì nínú yàrá, ẹ dáwọ́ dúró: ìwádìí kan fi hàn pé eruku kíkúnná tí ẹyọ kan ń tú jáde tó ti sìgá 75 sí 137.


Ìyẹ̀wù_Kejì:

Ó ti yé mi. Ìbéèrè kan ló kù: mo rí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn CO2, eruku àti òórùn pa pọ̀. Ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé?


Amúlétutù:

Ẹ wo inú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ NDIR, ìyẹn irú tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí wọn gáàsì, ó ń wọn CO2 ní tòótọ́. Bí wọ́n bá kọ eCO2, kò wọn nǹkan kan, òórùn ló ń gbọ́ tó fi ń méfò CO2; ẹ fín lọ́fínńdà nítòsí rẹ̀, á fò sókè. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀lé NDIR, ẹ gbé e sí ìta fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ má mí sí i. Ó yẹ kó wà nítòsí 420. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tún ara wọn ṣe nípa gbígbà pé afẹ́fẹ́ tó mọ́ jù lọ tí wọ́n rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni tòde. Nínú yàrá tí a kì í ṣí, irọ́ ni wọ́n á máa pa, nọ́ńbà wọn á máa kéré sí òótọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí kí ẹ pa ètò yẹn. Apá tó ń wọn eruku, ìkùukùu omi máa ń tàn án jẹ, nítorí náà ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ tán. Orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dára, kó jìnnà sí ẹnu yín tó mítà kan.